Ìtàn Èèkù Ọ̀bẹ Àpò, láti Sheffield dé Ibach

Ọ̀bẹ àpò ni ọ̀bẹ kékeré tí ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ pọ̀ wọ inú èèkù tirẹ̀, tí a lè sọ sí àpò ṣòkòtò láìjẹ́ pé ó gún ni lára. Kò ní àkọ̀, nítorí èèkù náà ni àkọ̀. Ẹni tó bá tú u wò yóò rí i pé irin ni egungun rẹ̀: ojú ọ̀bẹ, sípíríǹgì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti pẹlẹbẹ idẹ méjì tí wọ́n fi há wọn láàárín. Ara idẹ méjèèjì ni wọ́n ń lẹ ohun tí ọwọ́ ń dì mú mọ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n dojú kọ ara wọn bí awẹ́ obì. Awẹ́ méjèèjì kì í gé nǹkan kan. Síbẹ̀ àwọn ni olùrà kọ́kọ́ ń wò, àwọn ló ń sọ irú ẹni tó ni ọ̀bẹ, àwọn náà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oníṣẹ́ nìkan ló lè fọwọ́ kàn wọ́n. Lónìí, ẹni tó ra ọ̀bẹ lè yọ wọ́n kúrò lórí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, kí ó fi igi tàbí ìwo tó wù ú rọ́pò wọn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kúrò níbi ti ìṣáájú dé ti ìsinsìnyí, ìtàn bí wọ́n ṣe ń so èèkù mọ́ irin ni.

Ọ̀bẹ tí ń ṣẹ́ pọ̀ ti pẹ́ láyé. Ọ̀kan tí wọ́n wú jáde nínú ilẹ̀ ní Hallstatt, ní Austria, tí èèkù rẹ̀ jẹ́ egungun, ti tó nǹkan bí 2,500 ọdún. Àwọn ará Róòmù náà lò ó dáadáa, wọ́n sì fẹ́ràn àrà lára èèkù: àwọn kan jẹ́ idẹ tàbí egungun tí wọ́n gbẹ́ bí ajá tí ń lé ehoro. Ṣùgbọ́n kò sí sípíríǹgì nínú wọn. Èèkù wọn sábà jẹ́ odindi ohun kan tí wọ́n la kòtò sí láàárín, tí wọ́n sì fi ìṣó kan ṣoṣo de ojú ọ̀bẹ mọ́; bí ìṣó yẹn ṣe fún tó ni kò jẹ́ kí ọ̀bẹ máa ṣí fúnra rẹ̀. Sẹ́ńtúrì 17 ni sípíríǹgì ẹ̀yìn di ohun tí ọ̀pọ̀ aṣọ̀bẹ ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ti ìdí ojú ọ̀bẹ, ó ń dá a dúró nígbà tó bá ṣí, ó sì ń gbá a padà nígbà tó bá ń pa dé. Irú irin bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó sínú kòtò tí wọ́n la sínú egungun. Ó ń fẹ́ ilé tó le. Bí idẹ méjì ṣe wọ inú iṣẹ́ náà nìyẹn, tí èèkù sì di awẹ́ tó jókòó sí ìta. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe kí ọ̀bẹ méjì jọ ara wọn nínú bí ìbejì, kí ọ̀kan wọ igi, kí èkejì sì wọ eyín erin.

Ìlú tó sọ iṣẹ́ yìí di ńlá ni Sheffield. Odò márùn-ún ló ṣàn gba ibẹ̀: Don, Sheaf, Porter, Loxley àti Rivelin. Omi wọn ló ń yí ọlọ tí wọ́n fi ń pọ́n irin, òkúta tó yẹ fún ọlọ náà sì wà ní àwọn òkè àyíká. Kí sẹ́ńtúrì 14 tó parí, ọ̀bẹ Sheffield ti lórúkọ débi pé Geoffrey Chaucer fi ọ̀kan sára ọkùnrin alọkà kan nínú The Canterbury Tales. Ní 1624, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dá Company of Cutlers in Hallamshire sílẹ̀ láti máa ṣàkóso àwọn aṣọ̀bẹ ìlú náà àti agbègbè rẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá sin ọ̀gá rẹ̀ tán, tó sì di ọmọ ẹgbẹ́ náà, lè gba àmì tirẹ̀ tí yóò máa tẹ̀ sára ojú ọ̀bẹ, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ lò ó. Ìràwọ̀ àti àgbélébùú Málítà, tí ayé wá mọ̀ mọ́ Joseph Rodgers & Sons, ti wà nínú ìwé ẹgbẹ́ náà láti 1682. Ojú irin ni ti ọ̀gá tó ṣe ọ̀bẹ, òun ni orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Èèkù ni ìpín ẹni tó rà á.

Kì í ṣe ẹnì kan ló ń ṣe ọ̀bẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní Sheffield. Alágbẹ̀dẹ ń rọ irin, apọ́nbẹ ń pọ́n ọn lórí ọlọ, ẹni kẹta ló ń kó gbogbo rẹ̀ jọ, tó ń so èèkù mọ́ ọn. Iṣẹ́ apọ́nbẹ ló burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: eruku òkúta ń wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í dàgbà. Ẹni tó ń so èèkù ló ń fi ọwọ́ gba ìyìn, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ ló wà lójú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan. Wọ́n ń háyà yàrá kékeré tàbí àyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́, wọ́n sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó bá gbé e wá. Little mesters ni ará ìlú ń pè wọ́n. Yàtọ̀ sí wọn, àwọn kan tún wà tí iṣẹ́ wọn kò ju awẹ́ èèkù lásán lọ: wọ́n ń fi ayùn la egungun, ìwo àti igi sí pẹlẹbẹ, wọ́n sì ń tà á fún àwọn aṣọ̀bẹ ní òkìtì òkìtì.

Ohun tí wọ́n ń là náà ní ipò. Egungun ojúgun màlúù ló wà nísàlẹ̀. Wọ́n á sè é títí ọ̀rá inú rẹ̀ á fi jáde, wọ́n á là á, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú aró bó bá wù wọ́n. Ìwo màlúù àti ti ẹfọ̀n tẹ̀ lé e. Ìwo ní ìwà kan tó wúlò: bí iná bá mú un, ó ń rọ̀, wọ́n sì lè tẹ̀ ẹ́ sínú fọ́ọ̀mù irin, bó bá tutù, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ló máa wà. Àwọn kan ń fi èyí tan ojú jẹ, wọ́n ń tẹ ìwo màlúù kí ó lè jọ ìwo àgbọ̀nrín. Ìwo àgbọ̀nrín gan-an wọ́n púpọ̀. Íńdíà ni èyí tó dára jù ti ń wá, láti orí àgbọ̀nrín sambar, tí ń bọ́ ìwo rẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó lọ́dọọdún, tí àwọn ará abúlé sì ń ṣà á. Ara rẹ̀ rí jákujàku, ọwọ́ kì í yọ̀ lára rẹ̀, kò sì sí méjì tó jọra. Lókè pátápátá ni ìkarahun òkun tí ń dán yanran, ìkarahun ìjàpá òkun, àti eyín erin. Lára igi, ẹ́bónì àti rosewood ni wọ́n máa ń lò jù, àwọn méjèèjì láti ilẹ̀ olóoru. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀bẹ ní Sheffield láyé Ọbabìnrin Victoria lè fi èèkù nìkan mọ iye tí wọ́n máa bi í, kí ó tó ṣí ojú ọ̀bẹ wò.

Nínú gbogbo wọn, eyín erin ló ní ìtàn tó wúwo jù. Áfíríkà ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, gbàǹjo ni wọ́n sì ń tà á ní London àti Liverpool. Joseph Rodgers & Sons ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan tí wọ́n ń to eyín erin sí, ó sì wà lára ohun tí àlejò ń lọ wò ní Sheffield ní sẹ́ńtúrì 19. Ní Ọ̀wọ̀, ohun ààfin ni eyín erin, àwọn agbẹ́nà ibẹ̀ ń fi ẹyọ kan ṣoṣo dá àrà sára ẹ̀gbà ọwọ́ àti ọpọ́n. Ní Sheffield, ayùn ló ń là á sí awẹ́ pẹlẹbẹ láìdúró, tí akọ̀wé àti oníṣòwò ń gbé e kiri nínú àpò. Iléeṣẹ́ Rodgers kan náà yìí ló fi ọ̀bẹ ṣe ìpolówó ara rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò ṣe ṣe é rí. Ní 1822 wọ́n ṣe Year Knife, tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1,822. Fún ìpàtẹ ńlá ti London ní 1851, wọ́n ṣe Norfolk Knife, olójú 75, tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ìkarahun òkun tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí lára. Kò sí àpò tó lè gbà á. Iṣẹ́ àṣehàn ni, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Bí wọ́n ṣe ń so awẹ́ mọ́ idẹ nígbà náà kò yí padà púpọ̀ títí di òní lọ́wọ́ àwọn tó ṣì ń fi ọwọ́ ṣe é. Oníṣẹ́ á fi irin ìlu gbẹ́ ihò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ já awẹ́ àti idẹ, á ki ìṣó tín-ínrín bọ̀ ọ́, á sì máa fi òòlù kékeré lu orí ìṣó náà títí yóò fi fẹ̀ tó kò fi ní lè jáde mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò kó awẹ́ méjèèjì, sípíríǹgì àti ojú ọ̀bẹ jọ, tí yóò fi ìṣó tó nípọn gún gbogbo wọn já, tí yóò tún lu orí ìyẹn náà pa ní ìhà méjèèjì. Bó bá fi fáìlì kékeré àti ohun ìdán kọjá lórí rẹ̀, ìṣó náà á pòórá sínú irin. Ó lẹ́wà, ó sì lágbára. Ṣùgbọ́n bí awẹ́ kan bá là, kò sí bí a ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀ láìfọ́ ìṣó, tí a bá sì ti fọ́ ìṣó, gbogbo ọ̀bẹ ti tú ká nìyẹn. Ọwọ́ aṣọ̀bẹ nìkan ló tó o.

Nítorí náà, ibi tí olówó ọ̀bẹ ti lè fi ara rẹ̀ hàn kéré. Òun ni asà, àwo irin funfun kékeré tí wọ́n ń rì sínú awẹ́ kan, tí wọ́n lè kọ orúkọ tàbí lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ sí. Kíkọ orúkọ rọrùn. Kíkọ́ ilé fún asà ni iṣẹ́. Asà kì í sábà rí róbótó, irin tí ń yí po kò sì mọ̀ ju ihò róbótó lọ. Irinṣẹ́ tí àwọn ará Sheffield fi borí èyí ni parser. Ẹsẹ̀ méjì ló ní, tẹ́ẹ́rẹ́, tó lè sún mọ́ ara wọn, tó sì lè tún jìnnà síra. Oníṣẹ́ á gbé àwo irin tí wọ́n ti gé àwòrán asà sí lé orí awẹ́, á fi àyà ti ìdí parser, á sì fi okùn ọrun yí i síwá sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ méjèèjì á máa tọ etí àwòrán náà yíká, wọn á máa ha awẹ́ náà títí ihò tó bá asà mu gẹ́lẹ́ yóò fi jáde, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì tẹ́jú. Stan Shaw, tó wọṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Ibberson nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé, wà lára àwọn tó lo irinṣẹ́ yìí títí ayé wọn fi dópin. Ó gba àmì ẹ̀yẹ British Empire Medal ní 2017, ó sì kú ní 2021. Ọ̀pọ̀ ló kà á sí ẹni ìkẹyìn nínú àwọn little mesters àtijọ́.

Ní Faransé, àwọn ará abúlé gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀bẹ Laguiole, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì 19, ní ìṣó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí wọ́n to bí àgbélébùú sára awẹ́ rẹ̀. Ìtàn sọ pé àwọn darandaran máa ń gún un mọ́ búrẹ́dì láti gbàdúrà níwájú rẹ̀ ní pápá. Joseph Opinel ní Savoie, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1890, kò tilẹ̀ lo awẹ́ rárá. Odindi igi kan ni èèkù rẹ̀, tí wọ́n fi ayùn la àyè fún ojú ọ̀bẹ, kò sì sí sípíríǹgì nínú rẹ̀. Òrùka irin tí ń yí, tí ń dè é kó má pa dé mọ́ni lọ́wọ́, kò dé àfi ní 1955. Èèkù Opinel kò ṣeé pààrọ̀ ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n igi lásán ni, tí kò wọ́n, tí kò sì ní ohunkóhun lára. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbẹ́ ẹ, tí wọ́n ń kùn ún, tí wọ́n sì ń fi irin gbígbóná ya nǹkan sí i lára títí dòní. Ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú máa ń gba irú ìgboyà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra eyín erin kò ní fi irin gbígbóná kàn án.

Amẹ́ríkà ni oníbàárà ńlá Sheffield fún ìgbà pípẹ́. Owó ibodè tí òfin McKinley gbé lé ọjà òkèèrè lórí ní 1890 ba ọjà yẹn jẹ́, àwọn iléeṣẹ́ ọ̀bẹ Amẹ́ríkà sì gba àyè. Àwọn ni wọ́n sọ ohun àtọwọ́dá di èèkù gidi. Sẹ́lúlọ́ìdì ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. John Wesley Hyatt ni ó ṣe é di ohun tó ṣeé tà ní nǹkan bí 1870, lẹ́yìn tí wọ́n polówó ẹ̀bùn 10,000 dọ́là fún ẹni tó bá rí ohun tó lè rọ́pò eyín erin nínú bọ́ọ̀lù bílíádì. Ó lè jọ eyín erin, ó lè jọ ìkarahun, ó lè ní àwọ̀ tí ẹranko kankan kò ní. Ó sì lè mọ́ gaara bíi díńgí. Ìwà ìkẹyìn yìí ni àwọn aṣọ̀bẹ ìlú Canton, ní Ohio, lò. Novelty Cutlery Company àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi fọ́tò, orúkọ, àdírẹ́sì tàbí àmì ẹgbẹ́ sí abẹ́ awẹ́ tó mọ́ gaara, wọ́n sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aṣojú tó ń lọ láti ìlú dé ìlú. Òṣìṣẹ́ ojú irin lè fi àwòrán ìyàwó rẹ̀ sí apá kan, kí ó fi orúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí apá kejì. Báyìí ni ẹni tí kì í ṣe olówó fi lè ní ọ̀bẹ tí kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Síbẹ̀, iléeṣẹ́ ló ń ṣe é fún un. Òun fúnra rẹ̀ kò lè yí i padà mọ́ bí ìyàwó bá yí padà.

Sẹ́lúlọ́ìdì ní àléébù méjì tó le. Ó ń gba iná kíákíá. Bó bá sì dàgbà, ó ń jẹra láti inú, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ á sì bo ojú ọ̀bẹ ní ìpẹtà. Àwọn tí ń kó ọ̀bẹ àtijọ́ jọ mọ èyí dáadáa, wọn kì í tọ́jú ọ̀bẹ sẹ́lúlọ́ìdì pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, nítorí ọ̀kan tó ń jẹra lè ba àpótí odindi jẹ́. Bakelite àti Micarta dé ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì 20. Micarta jẹ́ aṣọ tàbí bébà tí wọ́n tò léra, tí wọ́n fi oje àtọwọ́dá lẹ̀ pọ̀ lábẹ́ ìtẹ̀ gbígbóná. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni wọ́n ṣe é fún, ó sì pẹ́ kí àwọn aṣọ̀bẹ tó mọ̀ pé ó sàn ju igi lọ lójú omi àti òòrùn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní erékùṣù òkun Pàsífíìkì máa ń gé gíláàsì ike àti alumíníọ̀mù lára bàálù tó já, wọ́n sì ń fi ṣe èèkù tuntun fún ọ̀bẹ wọn. Ọ̀bẹ ńlá tí kì í ṣẹ́ pọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe ṣe pàtàkì: olówó ọ̀bẹ ló ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe aṣọ̀bẹ.

Ọ̀bẹ àpò tó ṣí ilẹ̀kùn náà fún gbogbo ènìyàn ti Swítsálándì wá, iléeṣẹ́ tó sì ṣe é kò gbèrò bẹ́ẹ̀. Karl Elsener ṣí ibi ìṣọ̀bẹ rẹ̀ ní Ibach, ní agbègbè Schwyz, ní 1884. Láàárín ọdún mélòó kan, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà gba ìbọn tuntun tí wọ́n ní láti fi sukudíráfà tú, oúnjẹ inú agolo sì ti di oúnjẹ ogun. Wọ́n fẹ́ ọ̀bẹ kan tó máa ṣe gbogbo rẹ̀: ojú ọ̀bẹ, ìlu tí a fi ń dá ihò, irin ìṣíagolo àti sukudíráfà. Kò sí ẹni tó lè ṣe iye tí wọ́n ń fẹ́ ní Swítsálándì, iléeṣẹ́ Wester & Co. ní Solingen, ní Jámánì, ló sì ṣe 15,000 àkọ́kọ́. Ó dun Elsener. Ó kó àwọn aṣọ̀bẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sí ẹgbẹ́ kan, nígbà tó sì di 1891 wọ́n ti ń kó tiwọn fún àwọn ológun. Igi óákù dúdú ni èèkù rẹ̀, tí ìṣó gún já. Óákù máa ń là, nítorí náà wọ́n fi ẹ́bónì rọ́pò rẹ̀ lára díẹ̀ nínú wọn. Nínú oríṣi tí wọ́n ṣe ní 1908, fáíbà tí wọ́n tẹ̀ le gba ipò igi.

Ọ̀bẹ ológun kò lówó lórí fún ẹni tó ń ṣe é. Ohun tó gba Elsener là ni ọ̀bẹ fífúyẹ́ kejì tó fi orúkọ sílẹ̀ fún lábẹ́ òfin ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, 1897, tí ó pè ní ti ọ̀gá ológun àti ti eré ìdárayá. Ó ní ojú kejì, ó ní irin ìyọ́dèérí ìgò wáìnì, sípíríǹgì kan sì ń gbé irinṣẹ́ ìhà méjèèjì. Ìjọba kò rà á fún àwọn ọ̀gá ológun. Àwọn fúnra wọn ló ń fi owó wọn rà á. Lẹ́yìn ikú ìyá Elsener ní 1909, ó fi orúkọ ìyá rẹ̀, Victoria, sọ iléeṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo irin tí kì í dípẹtà ní 1921, tí wọ́n ń pè ní inox, orúkọ méjèèjì di Victorinox. Wenger, iléeṣẹ́ kejì, ń ṣe tirẹ̀ ní Delémont, ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé, ìjọba sì ń pín iṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó ọ̀bẹ wọ̀nyí lọ sílé, òkìkí rẹ̀ sì kan gbogbo ayé.

Ìyípadà tó kan ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ nígbà tí ike rọ́pò fáíbà. Sẹ́lúlọ́ìdì ló kọ́kọ́ dé, Cellidor tẹ̀ lé e, ike tí wọ́n ṣe láti ara igi, tí kì í gba iná bíi ti ìṣáájú, tí àwọ̀ pupa rẹ̀ sì ń dán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ra ló yàtọ̀ jù. Ìṣó kò gba ojú awẹ́ kọjá mọ́. Orí ìṣó tó de irinṣẹ́ pọ̀ dópin lórí pẹlẹbẹ ìta, ó wú síta díẹ̀ bí bọ́tìnnì, wọ́n sì dá ihò tó bá a mu sí ẹ̀yìn awẹ́. Wọ́n kàn ń tẹ awẹ́ náà mọ́ ọn títí yóò fi dún pa. Fún iléeṣẹ́, èrè rẹ̀ ni pé ojú awẹ́ ń mọ́ láìní orí ìṣó, èyí tó bá sì fọ́ lè rí òmíràn láìtú ọ̀bẹ. Àyè tún wà nínú awẹ́ náà fún ìtayín àti ẹ̀mú kékeré. Ohun tí wọ́n ṣe láti mú iṣẹ́ tiwọn yá ti yọ agbára aṣọ̀bẹ kúrò lórí èèkù. Kò gba ju ojú abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan àti sùúrù lọ láti yọ ọ́.

Ó tọ́ láti sọ pé ọ̀bẹ ológun fúnra rẹ̀ kò tọ ọ̀nà yìí. Oríṣi 1961, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 93, wọ awẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fín, tí ìṣó sì gún já bíi ti àtijọ́. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di nǹkan bí 2008, èyí tó sọ ohun tó pọ̀ nípa bó ṣe lágbára tó. Ọ̀bẹ tí sójà ń lò nígbà náà kò ṣeé yí padà ní ìrọ̀rùn. Èyí tí ẹni tí kì í ṣe sójà ń rà ló ṣeé yí padà.

Títí di ìparí sẹ́ńtúrì 20, àwọn tó ń pààrọ̀ awẹ́ Victorinox kéré, olúkúlùkù sì ń dá ṣe tirẹ̀. Ìkọlù tí wọ́n fi bàálù ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, 2001 yí èyí padà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rò. Wọ́n fòfin de ọ̀bẹ nínú bàálù, bó ti wù kí ó kéré. Ọjà Victorinox àti Wenger lọ sílẹ̀ gidigidi, nítorí ìsọ̀ pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti ń tà púpọ̀. Victorinox ra Wenger ní 2005. Lápá kejì, ọ̀bẹ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn èrò pápákọ̀ ń kún àpótí. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ mélòó kan ní Amẹ́ríkà ń tà wọ́n ní òkìtì, ní owó tí kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọ̀bẹ Swítsálándì tí irin rẹ̀ dára, tí awẹ́ rẹ̀ sì ti họ tàbí là. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà rí ohun tó lè bàjẹ́ láìdùn ún.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò le, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìfarabalẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ ìtayín àti ẹ̀mú, wọ́n á fi omi gbígbóná díẹ̀ mú kí ike rọ̀, wọ́n á sì ti ojú abẹ bọ àárín awẹ́ àti pẹlẹbẹ, nítòsí ibi tí orí ìṣó wà, kì í ṣe láàárín gbùngbùn, ibi tí ike ti ń tètè ṣẹ́. Awẹ́ àtijọ́ ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n á gé igi méjì tí nínípọn rẹ̀ tó bíi mìlímítà 3, láti ara pákó kan náà, kí ìlà igi ọ̀tún lè bá ti òsì mu. Ibi tó ṣòro jù ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ihò tí orí ìṣó máa wọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ipò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, awẹ́ kò ní jókòó. Àwọn kan ń fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù kun orí ìṣó, wọ́n á tẹ igi mọ́ ọn, ibi tí dúdú bá hàn ni wọ́n á gbẹ́. Ilé ìtayín àti ti ẹ̀mú tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi wọ́n sílẹ̀ nítorí wàhálà wọn, èyí tí kò dára tó, nítorí ẹ̀mú yẹn wúlò ju ìdajì irinṣẹ́ inú ọ̀bẹ náà lọ. Igi kì í dún pa bí ike, nítorí náà gúlù oníkẹ́míkà méjì ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á yí etí rẹ̀ po, wọ́n á fi sáńpépà ha á láti èyí tó rí gbágungbàgun dé èyí tó kúnná, wọ́n á sì fi òróró pa á.

Ohun tí wọ́n ń lò ti pọ̀ sí i. Igi tó rọ̀ ni wọ́n ń fi oje ike rẹ nínú afẹ́fẹ́ fífà títí yóò fi le, tí omi kò sì ní mú un wú mọ́. G10, tó jẹ́ aṣọ gíláàsì àti oje àtọwọ́dá, títánníọ̀mù, àti ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ jáde láti orí kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Eruku díẹ̀ nínú wọn kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá ti ìkarahun òkun, ẹ́bónì àti G10, àwọn tó mọṣẹ́ sì ń bo imú. Eyín erin ti kúrò nínú ọjà yìí. Àdéhùn CITES, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1973, fòfin de òwò eyín erin Áfíríkà láàárín orílẹ̀-èdè ní 1989, òfin eyín erin ti Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fòpin sí títà rẹ̀ nílé, títí kan ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ Sheffield àtijọ́. Íńdíà náà ti dá kíkó ìwo sambar jáde dúró láti ìparí sẹ́ńtúrì 20. Ìwo àgbọ̀nrín tó kù lọ́jà ti wọ́n gan-an, egungun màlúù tí wọ́n fín kó lè jọ ọ́ sì ti di ohun iyì fúnra rẹ̀.

Iléeṣẹ́ náà kò dákẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cellidor pupa, Victorinox ń ta ọ̀bẹ onígi wálínọ́ọ̀tì, ó sì ń gbé awẹ́ alumíníọ̀mù aláwọ̀ tuntun jáde lọ́dọọdún ní iye tó mọ níwọ̀n. Ní 2016 ó ṣe ọ̀kan tí awẹ́ rẹ̀ wá láti ara 24 ago alumíníọ̀mù kọfí Nespresso tí wọ́n ti lò. Awẹ́ ike tí kò ní ọ̀bẹ nínú náà wà fún títà, fún ẹni tí tirẹ̀ bá fọ́. Àwọn oníṣẹ́ aládàáni ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń ṣe tiwọn fún ọ̀bẹ mìlímítà 58, tí àwọn ènìyàn ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́, fún ti 91, àti fún ti 111. Àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ síbẹ̀ ti ń bá alumíníọ̀mù ológun jà: wọ́n ń gbẹ́ orí ìṣó kúrò, wọ́n ń fi sùkúrù kékeré rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n lè pààrọ̀ awẹ́, sípíríǹgì àti ojú ọ̀bẹ bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀bẹ tí wọ́n bá tú bẹ́ẹ̀ ti jáde kúrò lábẹ́ ìdánilójú iléeṣẹ́.